Àlébù Ara Aṣọ

Ní Covilhã, ìlú tó gun ẹ̀yìn òkè ní ilẹ̀ Pọtogí,
Deolinda Frazão jí kí agogo ìjọ tó lù.
Ó gé èékánná. Ó fi òróró díẹ̀ pa ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá
bí ẹni ń múra fún ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni.
Méjìlélógójì nínú rẹ̀ ló fi jókòó sábẹ́ fèrèsé
nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun irun àgùntàn lẹ́bàá odò,
tó ń fi ìka wá ohun tí ẹ̀rọ fi pa mọ́:
òwú tó já, òwú tó fo èkejì rẹ̀,
kókó tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.
Ojú a máa purọ́, ni ìyá tó kọ́ ọ níṣẹ́ wí.
Nítorí náà, ó máa ń di ojú ni.

Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Ilé oúnjẹ ló wà níbẹ̀ báyìí,
wọ́n fi ẹ̀rọ ìhunṣọ kan ṣe ọ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà.
Owó ìfẹ̀yìntì kì í rí ogúnjọ́ oṣù.
Ó wá rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì:
A ń wá ẹni tí yóò máa yẹ aṣọ wò.

Ọmọkùnrin tó pè é wọlé ń jẹ́ Telmo.
Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: kò burú.
Ó dìde fún un, ó fa àga, ó rẹ́rìn-ín,
ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.
ṢÉ Ẹ RỌRA RÌN DÉBÍ, ÌYÁ ÀGBÀ?
Ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ ọwọ́.
Deolinda kò dití. Kò sì bímọ rí, ká má tíì sọ pé yóò ní ọmọ-ọmọ.
“Rọra, ọ̀gá,” ó ní. “Etí mi ò rìnrìn àjò.”

Telmo bi í bóyá ó mọ kọ̀ǹpútà lò. Ó ní òun lè kọ́ ọ.
Telmo tún rẹ́rìn-ín, irú èyí tí à ń rín
sí ọmọdé tó ní òun máa fò lókè àjà.
Ó ní, ṣé ẹnì kan sìn yín wá, kí n bá a sọ̀rọ̀?
Ó ní, ṣé ẹ ò ní òdòdó nílé tí ẹ ń bomi rin ni?

A ní òwe kan, mo máa ń fi yangàn tẹ́lẹ̀:
bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.
Lónìí mo di ojú, mo fi ìka tọ̀ ọ́ lọ,
mo kan kókó kan níbẹ̀.
Ta ló ní àkísà ni kó máa dá àgbà lọ́rùn?
Ta ló pín aṣọ tuntun tí kò kàn án?
Èmi náà ti parí ọ̀rọ̀ mọ́ arúgbó lẹ́nu rí,
mo ti gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tí kò ní kí n gbà á,
mo sì pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀.

Wọ́n bọwọ́ kí wọ́n tó pínyà.
Ìka Deolinda kan apá kóòtù Telmo,
ó dúró síbẹ̀. Ó di ojú.
“Òwú kan fo èkejì rẹ̀ níhìn-ín, lẹ́yìn ìgúnpá.
Ẹ tú ìgàn tí ẹ ti gé e wò. Kò lè jẹ́ ẹyọ kan.”

Telmo wò ó, kò rí nǹkan.
Ó bọ́ kóòtù, ó gbé e lọ sójú fèrèsé,
ó tan iná fóònù sí i.
Kò rí nǹkan.

Deolinda ti ń sọ̀kalẹ̀. Ó di irin àtẹ̀gùn mú,
nítorí àtẹ̀gùn ọ̀hún dagun.
Ọmọ ogún ọdún tó ń gùn ún bọ̀ lókè
dì í mú bákan náà.